Ẹ Bi Nọ́ọ̀sì: Ẹni tó ti sùn lórí bẹ́ẹ̀dì náà rí

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú lóṣù yìí. Èyí àkọ́kọ́ ló gba àyè jù, ẹ má bínú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo kà á kí n tó dáhùn, torí ó jọ pé èmi gan-an ni mo kọ ọ́ ní ogún ọdún sẹ́yìn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ma. Ọmọ ọdún 41 ni mí, Maryland ni mò ń gbé. CNA, olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ni mí ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, iṣẹ́ alẹ́ sì ni. Ìwé mẹ́wàá tí mo kà ní Nàìjíríà ni mo ní, mi ò lọ yunifásítì. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ọkọ mi kú lójijì. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ẹ̀, orí mi dàrú. Mi ò sùn, mi ò jẹun, mo sì ń gbọ́ ohùn ẹ̀ ní kíṣìnnì. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo lò ní wọ́ọ̀dù àwọn tí ọpọlọ wọn ò yá. Ara mi ti mókun báyìí, oògùn kan ṣì wà tí mò ń lò lálẹ́. Àtìgbà yẹn ni ọkàn mi ti ń sọ fún mi pé iṣẹ́ yìí ni kí n ṣe: nurse practitioner (NP), nọ́ọ̀sì tó lè yẹ èèyàn wò kó sì kọ oògùn, èyí tó ń tọ́jú àwọn aláìsàn ọpọlọ. Nígbà tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ẹ̀rín ló fi mí rín. Ó ní, "Wèrè fẹ́ tọ́jú wèrè." Ohun tó wá ń bà mí lẹ́rù ju ẹ̀rín ẹ̀ lọ ni pé wọ́n lè bi mí níbi tí wọ́n ti ń gba láísẹ́ńsì. Ṣé wọ́n á gbà mí? Ọmọ méjì ni mò ń dá tọ́. — *Ìyá Dàmọ́lá*

ÌDÁHÙN: Ìyá Dàmọ́lá, ẹ kú ìrọ́jú o. Ẹ jẹ́ kí n sọ yín di àbúrò mi, torí mo ti pé 57, kí ẹnu mi lè yá.

Ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ kúrò lọ́nà. Àwọn àgbà ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń wòran wà nínú òwe yẹn, ọ̀rọ̀ ìyá tó bímọ náà wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi wèrè fúnra ẹ̀ pé báwo ló ṣe rí lára òun. Èmi lè sọ ọ́, torí mo ti débẹ̀.

Lọ́dún 2003 ni mo bí ọmọ mi kẹta. Ọjọ́ kejì tá a sọ ọ́ lórúkọ, mo gbọ́ tí ọmọ ọjọ́ mẹ́sàn-án ń fi oríkì pè mí, kedere, bíi ti ìyá mi àgbà. Mi ò bẹ̀rù o, ohun tó wá burú níbẹ̀ nìyẹn. Mo jókòó ti ọmọ náà fún òru mẹ́ta, mò ń dá a lóhùn. Ọkọ mi ló gbé mi lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì, ọjọ́ mọ́kànlá ni mo sì lò ní wọ́ọ̀dù. Ìyá ọlọ́mọ tuntun kan tàbí méjì nínú ẹgbẹ̀rún ni irú àìsàn yìí máa ń kọ lù, ó sì sábà máa ń jẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá rí i lára ìyàwó tàbí àbúrò yín, ẹ má dúró de àdúrà ọjọ́ mẹ́ta, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìdajì irun mi ti tú nígbà tí mo wọlé síbẹ̀, ìdajì ṣì wà ní dídì. Nọ́ọ̀sì alẹ́ kan, ìyá aláwọ̀dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, wò mí ní ààjìn, ó gbé àga wá sẹ́yìn mi, ó ní ṣé kí òun bá mi tú èyí tó kù. Wọn kì í jẹ́ kí ìyarun onírù gígùn wọ wọ́ọ̀dù yẹn, ìka ẹ̀ ló fi ń tú u, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Irun òyìnbó tó ń bọ́ sílẹ̀, ó ń ká a jọ sínú àpò ìrọ̀rí. Kò bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Òru kejì, nígbà tó dé ẹ̀yìn etí mi òsì, èmi fúnra mi ni mo sọ fún un pé ọmọ mi ń fi oríkì pè mí, ó sì ti ń ní kí n gbé òun lọ sétí odò. Ọwọ́ ẹ̀ ò dúró. Ó ní, "O ṣeun tó o sọ fún mi." Ó tú irun náà tán, ó wá lọ pe dókítà.

Òun ni mo rí tí mo fi ní mo fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí n tó lóye ohun tó ṣe. Mo rò pé ìyà tó jẹ mí ni màá máa fi tọ́jú èèyàn, pé tí mo bá ti sọ ìtàn mi, ara á tu aláìsàn. Lọ́dún kejì tí mo di RN, nọ́ọ̀sì tó ní láísẹ́ńsì, obìnrin kan wà ní wọ́ọ̀dù mi, ọmọ ọwọ́ wà nílé ẹ̀. Mo jókòó tì í, mo sọ gbogbo tèmi fún un, dórí ọ̀rọ̀ odò. Ó sunkún, ó dì mọ́ mi. Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá ti wọlé, òun ló ń bi mí, "Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ sùn dáadáa? Ṣé ẹ ti jẹun?" Mo rò pé ó ti ń gbádùn ni. Wọ́n jẹ́ kó máa lọ sílé. Ọjọ́ kẹta wọ́n sáré gbé e padà wá. Ọlọ́run bá wa ṣe é, kò kú. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó ní ó ti pẹ́ tí èrò yẹn ti wà lọ́kàn òun, ṣùgbọ́n òun ò fẹ́ sọ ọ́ létí mi, kó má bàa dá tèmi padà.

Àbúrò mi, èmi ni mo gbé ẹrù mi lé e lórí. Àtọjọ́ náà, aláìsàn tó mọ̀ pé mo ti dùbúlẹ̀ sí wọ́ọ̀dù rí ò pé márùn-ún. Ẹ̀yin òǹkàwé ti wá mọ̀ báyìí, ẹ̀yin kì í ṣe aláìsàn mi.

Ohun tí àìsàn náà wá ṣe fún iṣẹ́ mi kéré, àmọ́ ó wúlò. Fún àpẹẹrẹ, ọdún méjì ni mo fi lo lithium, oògùn tó ń mú kí ọkàn dúró sójú kan. Mo mọ̀ bí omi ṣe ń dà bí irin lẹ́nu, mo mọ̀ bí ọwọ́ ṣe ń gbọ̀n tó bá kan àtigbé tíì. Nítorí náà, tí ẹni tó ń lo lithium bá wọlé sí ọ́fíìsì mi, mo máa ń fún un ní omi nínú kọ́ọ̀bù, màá wá máa wo ọwọ́ ẹ̀ bá a ṣe ń kíra. Ìwọ̀n oògùn náà nínú ẹ̀jẹ̀, láàárín 0.6 sí 1.2 la fẹ́ kó wà, tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ ó lè di májèlé. Bàbá kan wọlé lọ́jọ́ kan, idá mẹ́ta kọ́ọ̀bù náà ló dà sí ṣòkòtò. Ó ní òun ò yí nǹkan kan padà. Mo ní, orúnkún ńkọ́? Ó ní, áà, oògùn ìrora lásán ni òun ń rà ní ṣọ́ọ̀bù fún orúnkún. Ibuprofen ni, àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́, ó sì máa ń jẹ́ kí lithium ga nínú ẹ̀jẹ̀. Ó wà nínú ìwé, gbogbo wa la kà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ti gbọ̀n rí ló máa ń yára wo kọ́ọ̀bù.

Ó yá, ọ̀rọ̀ láísẹ́ńsì. Wọ́n á ní kó o tẹ̀ka, àkọsílẹ̀ ọ̀daràn ni wọ́n sì fi ń wá. Kéèyàn dùbúlẹ̀ sí ọsibítù kì í ṣe ọ̀daràn, fáìlì ìtọ́jú ẹ ò sí níbẹ̀, òfin HIPAA, tó ń pa àṣírí aláìsàn mọ́, ló dáàbò bò ó. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní bọ́ọ̀dù nọ́ọ̀sì tiẹ̀, ìbéèrè orí fọ́ọ̀mù wọn ò sì dọ́gba. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ń béèrè ni bóyá àìsàn kankan ń dí ẹ lọ́wọ́ àtiṣiṣẹ́ báyìí. Wo "báyìí" yẹn dáadáa. Ẹni tó sùn lálẹ́ àná, tó lo oògùn ẹ̀, tó sì ń rí dókítà ẹ̀ lásìkò, kí ló ń dí i lọ́wọ́? Àwọn bọ́ọ̀dù kan lè bi ẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ka ìbéèrè náà bí wọ́n ṣe kọ ọ́, dáhùn òótọ́ sí ohun tí wọ́n bi ẹ́, má ròyìn ohun tí wọn ò bi ẹ́, má sì purọ́. Mo ti rí ẹni tí irọ́ orí fọ́ọ̀mù kó sí wàhálà. Nínú àwọn tá a jọ ṣiṣẹ́, mi ò rí ẹni tí àìsàn tí wọ́n ti tọ́jú gba láísẹ́ńsì lọ́wọ́ ẹ̀. Tí ìbéèrè kan bá rú ẹ lójú, lọ́yà tó mọ ọ̀rọ̀ láísẹ́ńsì ni kó o bi, má lọ bi àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. Ní kí dókítà ẹ kọ lẹ́tà kan sílẹ̀ pé ara ẹ le, kó o fi pa mọ́.

Kó o tó forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwé kankan, kúrò ní iṣẹ́ alẹ́. Mo mọ̀ pé owó alẹ́ dáa ju ti ọ̀sán lọ. Ṣùgbọ́n bí àìsàn ẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, o kọ ọ́ fúnra ẹ: "Mi ò sùn." Àìsùn ló ń ṣílẹ̀kùn fún àìsàn wa yìí. Iṣẹ́ alẹ́, ìwé kíkà lọ́sàn-án, ọmọ méjì nílé, mi ò fún ẹ ní oṣù mẹ́fà.

Ọ̀nà náà jìn, mi ò ní fi oyin sí i. Community college, ilé ìwé gíga àdúgbò, lo máa kọ́kọ́ lọ, wàá ka anatomy, microbiology àti statistics, kí wọ́n tó gbà ẹ́ wọlé fún nọ́ọ̀sì gan-an. Ìyẹn lè tó ọdún kan ààbọ̀ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Ọdún méjì fún ADN, ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà NCLEX, ìdánwò láísẹ́ńsì RN. Ìbéèrè 85 ni kọ̀ǹpútà máa bi ẹ́ ó kéré tán, kò lè ju 150 lọ, láàárín wákàtí márùn-ún. Lásìkò tèmi lọ́dún 2008, 75 ni ó kéré jù, orí 75 gan-an ni tèmi sì ti kú pii. Mo ní mo ti fèèlì nìyẹn. Mo jókòó sínú mọ́tò, mo sunkún débi pé ẹ̀ṣọ́ kan wá kan gíláàsì mi. Ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá tètè dákẹ́, ó lè jẹ́ pé o ti yege jìnnà, má sunkún.

Tó o bá ti di RN, o lè ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù ọpọlọ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Tó bá jẹ́ ibẹ̀ lo fẹ́ dúró sí, dúró. Ìyá tó tú irun mi, RN ni, kò ṣe NP rí. Tó o bá fẹ́ tẹ̀ síwájú, wàá gba BSN, dìgírì àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ọdún kan sí méjì. Lẹ́yìn ẹ̀ ni master's, ọdún méjì sí mẹ́ta: bí àìsàn ṣe ń ba ara jẹ́, bí oògùn ṣe ń ṣiṣẹ́, bá a ṣe ń yẹ èèyàn wò látòkè délẹ̀, àti ó kéré tán ọ̀nà méjì tá a fi ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ títí ara ẹ̀ á fi yá. Wákàtí 500, ó kéré tán, lo gbọ́dọ̀ lò lọ́dọ̀ àwọn aláìsàn lábẹ́ olùkọ́ kí ANCC, àjọ tó ń fún NP ní ìwé ẹ̀rí, tó jẹ́ kó o jókòó ìdánwò. Ìbéèrè 175 ni, 25 nínú ẹ̀ ò ní máàkì, wọn ò sì ní sọ èwo ni. Ìwé ẹ̀rí náà, ọdún márùn-ún, kó o tún un ṣe. Láti ibi tó o wà yìí, bí ọdún mẹ́fà ààbọ̀ sí mẹ́jọ ààbọ̀.

Owó? Ní community college, FAFSA, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè owó ìrànwọ́ ìjọba, ni kó o kọ́kọ́ kún, tó o bá ti jẹ́ ọmọ ìlú tàbí tó o ní green card. Pell Grant, owó ìrànwọ́ ìjọba, lè tó $7,395 lọ́dún, wọn kì í gbà á padà. Bi ibi iṣẹ́ ẹ bóyá wọ́n ń sanwó ilé ìwé fún CNA, ọ̀pọ̀ ń ṣe é, wọn kì í pariwo ẹ̀ ni. Ti master's ló le, torí ẹ̀yáwó ni, ìjọba sì ti dín èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ irú wa máa rí yá kù sí $20,500 lọ́dún fún ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti July 2026. Ètò Nurse Corps wà fún ẹni tó bá gbà láti ṣiṣẹ́ níbi tí nọ́ọ̀sì ò ti tó: ọdún méjì, wọ́n á san ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún gbèsè ìwé nọ́ọ̀sì ẹ.

Ní báyìí, kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni kó o mú. Anatomy àkọ́kọ́. Tó o bá kà á tán, tó o sì ń sùn, kọ lẹ́tà sí mi. Tí ohùn ọkọ ẹ bá tún padà wá sí kíṣìnnì kó tó dìgbà náà, 988, nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ fún ẹni tí ọkàn ẹ̀ dàrú, ni kó o pè, ní òru, ní ọ̀sán, kó o tó pe ẹ̀gbọ́n ẹ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, Texas ni mo wà, RN ni mí láti ọdún mẹ́fà. Ilé ìwé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti gbà mí fún NP ti ọpọlọ, ṣùgbọ́n wọ́n ní èmi ni màá wá preceptor, ẹni tó máa dúró tì mí kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn aláìsàn, fúnra mi. Mo ti kọ lẹ́tà sí èèyàn 34, ẹni kan ló dáhùn, ó ní kí n san owó. Àwọn dókítà níbi iṣẹ́ mi tún ń sọ pé NP ò ju ààbọ̀ dókítà lọ. Ṣé kí n tẹ̀ síwájú? — *Ọmọ Ìjẹ̀ṣà*

ÌDÁHÙN: Má tíì sanwó ilé ìwé yẹn. Bi wọ́n nínú ìwé, kì í ṣe lórí fóònù: tí mi ò bá rí preceptor, kí lẹ máa ṣe fún mi? Tí ìdáhùn wọn bá jẹ́ "gbìyànjú sí i," wá ibòmíràn. Mo mọ ọmọkùnrin kan tó ka gbogbo ìwé ẹ̀ tán, tó wá jókòó sílé fún ọdún kan gbáko torí kò rí ẹni tó máa dúró tì í. Lára àwọn ilé ìwé tó ń lo ìlànà ẹ̀kọ́ NP tó jáde lọ́dún 2022, wákàtí 750 ni wọ́n ń béèrè, wo bí ìyà náà ṣe máa gùn tó.

Ìwọ tó wà ní Texas tún ní láti mọ èyí: ìwé àdéhùn pẹ̀lú dókítà kan gbọ́dọ̀ wà kó o tó lè kọ oògùn. Àwọn oògùn tó wà ní Schedule II, àwọn tí òfin ń ṣọ́ gan-an, irú èyí tí wọ́n ń fún ọmọ tí kì í lè jókòó jẹ́ẹ́, NP ò lè kọ ọ́ ní kíníìkì lásán níbẹ̀, àfi nínú ọsibítù tàbí fún ẹni tó wà ní hospice, ìtọ́jú ẹni tí ikú ti sún mọ́. Ní Maryland níbi tí mo wà, oṣù 18 àkọ́kọ́ ni mo fi ní ẹni tó ń tọ́ mi sọ́nà, lẹ́yìn ẹ̀ mo dá dúró.

Ààbọ̀ dókítà kẹ̀? Lọ́dún 1965, nọ́ọ̀sì kan, Loretta Ford, àti dókítà ọmọdé kan, Henry Silver, ni wọ́n jọ dá iṣẹ́ NP sílẹ̀ ní Colorado, torí àwọn ọmọdé tí ò rí dókítà. Wọn ò ní káwọn fi nọ́ọ̀sì ṣe ààbọ̀ ohunkóhun. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bàbá kan wà lọ́dọ̀ mi tó dúró fún oṣù márùn-ún kó tó rí ẹni tó máa wò ó. Kò bi mí bóyá odidi ni mí.

ÌBÉÈRÈ: Àbúrò mi obìnrin ni NP ti ọpọlọ. Mi ò sùn láti oṣù méjì, mo ní kó kọ oògùn oorun fún mi, ó kọ̀ jálẹ̀, ó ní kí n lọ rí dókítà. Ṣé ìwà ọmọ ìyá nìyẹn? — *Àǹtí Ṣadé, Atlanta*

ÌDÁHÙN: Ìwà ọmọ ìyá gan-an ni, Àǹtí. Láti kọ oògùn fún yín, ó gbọ́dọ̀ ṣí fáìlì fún yín, yẹ̀ yín wò, kó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn oògùn oorun tẹ́ ẹ ń bèèrè yẹn, nọ́ńbà DEA ẹ̀, èyí tí ìjọba fi ń ṣọ́ ẹni tó ń kọ irú oògùn bẹ́ẹ̀, ló máa lọ pẹ̀lú ẹ̀. Tí wọ́n bá ká a mọ́ ọn pé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló ń kọ ọ́ fún lábẹ́lẹ̀, gbogbo ọdún tó fi kàwé lè wọmi. Ẹ lọ rí dókítà. Tó bá bi yín iye wáìnì tẹ́ ẹ ń mu lálẹ́, ẹ sọ iye tó jẹ́ gan-an fún un. Èmi àtẹ̀yin la jọ mọ̀ pé ẹ ò ní sọ ọ́ fún àbúrò yín.